Káàdì Ẹni Tí Kò Sí Lórí Àpótí

Ẹ̀yin tí oòrùn ọ̀sán lé wá sábẹ́ àtíbàbà ọdẹ, ẹ sún mọ́ mi, ẹ fi ìdí mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó yáa lọ tọ̀ báyìí, torí ẹnu mi kì í dúró de ẹni tó bá lọ sẹ́yìn ilé. Kì í ṣe ìtàn tèmi ni mo fẹ́ sọ lónìí. Bí mo bá ní kí n sọ tèmi, ilẹ̀ méjì á mọ́ bá wa níbí, torí èmi tí ẹ̀ ń wò yìí ti bá egbére du ẹní rẹ̀, mo sì gbà á. Mo ti fi àdá fá irùngbọ̀n iwin kan tó ní òun ni baba mi. Ìtàn Ọdẹ́jìnmí ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ọdẹ́jìnmí kò sì purọ́ rí, àfi bó bá ń sọ bí ẹran tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ṣe tóbi tó.

Kàrímù, ìwọ onígbàjámọ̀ tó ń ta káàdì lójoojúmọ́ lábẹ́ igi mángòrò, tẹ́tí rẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́.

Ọdẹ́jìnmí ní ìyàwó kan, Ayọ̀ká lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rín obìnrin yìí ló rí tó fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, orí igi ni ọdẹ wà nínú oko bàbá ọmọbìnrin náà, ó ń ṣọ́ ẹtu. Ẹ̀ka ya, ọdẹ já, ó fi orí sọ inú òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń jà lókè. Ayọ̀ká wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín: kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-hìn! "Hìn" tó gbẹ̀yìn yẹn, bí ìgbà tí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ bá tajú kán rí ìyá rẹ̀ ni. Ọdẹ́jìnmí gbàgbé ìhà tó ń dùn ún. Ó yọrí nínú èèpo ẹ̀gẹ́, ó ní, "Ta ni bàbá rẹ?" Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti gbé e níyàwó. Láti ìgbà náà, ó pa ẹran o, kò pa ẹran o, ẹ̀rín yẹn ló ń bá nílé, ó sì tó o.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọdẹ́jìnmí ń pọ́n àdá lẹ́yìnkùlé, àlejò kan sì yà lójúde, ó tọrọ omi. Ẹsẹ̀ àlejò yìí kọjú sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì wà ní ìpàkọ́. Ayọ̀ká bu omi fún un. Àlejò gbé igbá lọ sí ìpàkọ́, kò rí ibi tó ń gbé e sí, omi ya sí i lọ́rùn, ó gba ẹ̀yìn lọ sínú ṣòkòtò, ó sì ń fò sókè ní, "Ó tutù! Ó tutù!" Àbí ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ayọ̀ká rẹ́rìn-ín títí tó fi di òpó mú. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín yẹn ni àlejò ti ya ẹnu àpò kékeré kan, ó gbé e síwájú ẹnu rẹ̀, ó sì fa okùn rẹ̀ pọ̀, fìrí. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ìyá. Kòsíńlé lorúkọ mi. Mo ti rí ohun tí mo wá gbà." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí Ayọ̀ká bá la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, atẹ́gùn lásán ló ń jáde, fùù, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Kò sunkún. Ó ń dáná, ó ń gbálẹ̀, ó ń kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta ó pe ọkọ rẹ̀, ó ní, "Olówó orí mi, inú mi ń dùn nígbà mìíràn, mo sì mọ̀ pé ó ń dùn. Ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà jáde. Ó ti ń di òkúta sí mi láyà." Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọdẹ́jìnmí dọ́kàn. Ó ní, "Bó bá wà nínú ikùn erinmi, Ayọ̀ká, n ó gbà á wá." Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò ọdẹ, ó bọ́ sọ́nà.

Ẹ wo ọgbọ́n ọdẹ. Ẹsẹ̀ Kòsíńlé kọjú sẹ́yìn, nítorí náà ipasẹ̀ tó jọ pé ó ń bọ̀ nílé, òun gan-an ló ń lọ sígbó. Ọdẹ́jìnmí kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà kọjú sí, ó ń bá a lọ, títí tó fi wọ Igbó Olófòófó.

Igbó yìí, èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Gbogbo ohun tó bá wà lọ́kàn ènìyàn ni àwọn igi ibẹ̀ ń kéde. Ọdẹ́jìnmí ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ̀rù kò bà mí." Àràbà kan ké tantan: "Ẹ̀rù ń bà á o! Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n!" Ọ̀pẹ kan gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ebi náà ń pa á! Ẹ̀bẹ iṣu ló ń rò!" Ariwo yìí ló ta ẹkùn kan jí, ẹkùn tí ojú rẹ̀ wà ní orúnkún. Ọdẹ sá sẹ́yìn ìrókò. Ìrókò ní, "Ẹ̀yìn mi ló wà, ẹkùn, apá ọ̀tún!" Ó sá sínú ihò. Koríko ní, "Inú ihò ni! Ó ń ronú bí yóò ṣe yìnbọn!"

Ọdẹ́jìnmí rí i pé ìbọn kò ṣe é lò níbi tí wọ́n ti ń polówó ìbọn. Ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ọbẹ̀ tí ìyá ìyàwó rẹ̀ máa ń sè. Ó rò ó gidi. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, nígbà tí epo bá gbóná tán, ṣé irú ni a ń kọ́kọ́ sọ sí i ni, àbí ata? Àràbà ní, "Irú ni!" Ọ̀pẹ ní, "Irọ́ lo pa! Epo ta ni? Èmi tí mo ni epo kò mọ ohun tó ń kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀?" Ìrókò ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kò ní ẹnu, ẹ kò ní ikùn, kí lẹ mọ̀ nípa ọbẹ̀?" Igbó gba iná. Ewé ń gbá ewé létí. Ẹkùn fúnra rẹ̀ dúró, ó ní òun kò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n àlùbọ́sà ló yẹ kó ṣáájú. Wọ́n ṣì ń jà lórí àlùbọ́sà nígbà tí Ọdẹ́jìnmí jáde ní òdìkejì.

Ní ibodè ìlú iwin, aṣọ́bodè kan dúró, ó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ó ní ẹni tí kò bá mọ àlọ́ òun, òpó ilẹ̀kùn ni òun yóò sọ ọ́ dà. Òpó pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, òmíràn sì ní irùngbọ̀n. Ó bi ọdẹ léèrè: "Kí ló ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn, tó ń gbé àgbà ṣubú láì fọwọ́ kàn án, tó sì ń jáde láì dágbére?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Oorun ni."

Aṣọ́bodè la ẹnu láti sọ pé ó gbà á, ẹnu náà kò sì pa dé mọ́. Kò tíì sùn láti ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti wà níbẹ̀; orúkọ ọ̀hún nìkan ló ti ń dúró dè kí ẹnìkan pè. Ó wó lulẹ̀ gbì, ó ń han-anrun. Ọdẹ́jìnmí gba orí ikùn rẹ̀ kọjá wọ ìlú.

Ìlú náà dojú dé. Orí òrùlé ni àwọn ilé fi jókòó, èéfín iná wọn sì ń lọ sísàlẹ̀. Lórí pápá ńlá àárín ìlú ni wọ́n ti ń ta káàdì. Ìdíje ni: ẹgbẹ̀rún iwin ló bẹ̀rẹ̀, tábìlì kan péré ló kù, àpótí méje ló sì yí i ká. Ẹni tó ni ọ̀kan nínú àpótí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù tán ni, ó ń sunkún lọ sílé ìyá rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ta á, ẹ̀kùrọ́ ni, ẹ̀rín ọmọ ènìyàn sì ni wọ́n dì sínú ẹ̀kùrọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn bá fi etí sí i, á gbọ́ ọ tó ń rín nínú lọ́hùn-ún.

Ìyá Ọlọ́wọ́mẹ́rin ló ń pín káàdì níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjì ń pín káàdì, ẹ̀kẹta ń kó ẹ̀kùrọ́, ẹ̀kẹrin di pàṣán mú. Kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ilé ló máa ń fi ẹ̀rín tirẹ̀ sí bó bá ń bọ̀ níbi iṣẹ́. Ẹni tó kọjú sí i ni Agbẹ́rìn-ínmì, akọni ìdíje náà. Ikùn rẹ̀ tó àká àgbàdo. Gbogbo ẹ̀kùrọ́ tó bá jẹ, ọ̀kan ló ń fi sílẹ̀ fún ìgbà tó ń bọ̀, á ju ìyókù sẹ́nu, á sì gbé e mì láì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ẹ̀rín tó bá ti wọ ibẹ̀, ó parí. Ọ̀gbẹ́ni Olórímẹ́ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí orí rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá ara wọn jà lórí káàdì kan, àti iwin mẹ́ta mìíràn tí n kò ní fi orúkọ wọn dá yín lágara. Àpótí keje, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Òkìtì ẹ̀kùrọ́ kékeré kan ló wà níwájú rẹ̀, mẹ́fà, wọ́n tò ó léra wọn. Láti ìsàlẹ̀ pátápátá ni Ọdẹ́jìnmí ti gbọ́ ọ: kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-hìn!

Ó na ọwọ́ sí òkìtì náà. Ó ní, "Ìyá, ta ló ni àpótí yìí?"

Ìyá ní, "Ti Kòsíńlé ni. Ó ní òun ń lọ kí àna òun. Láàárọ̀ yìí ló lọ, kò tíì dé. Má fọwọ́ kan ohun tó wà níbẹ̀. Ṣé o rí alángbá tó ń gbórí lára ògiri yẹn? Òun ló fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn lọ́dún tó kọjá."

"Kí ni mo lè ṣe kí ẹ̀kùrọ́ kan níbẹ̀ lè di tèmi?"

"Jókòó sórí àpótí ẹni tó ń sunkún lọ sílé yẹn, kí o ta káàdì, kí o jẹ ẹ́."

Kò sí ẹ̀rín ẹlòmíràn lọ́wọ́ Ọdẹ́jìnmí, tirẹ̀ nìkan ló ní. Ìyá fi ìka kan ìdodo rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ jáde, ó ń di ẹ̀kùrọ́ sórí tábìlì. Ẹ̀rín músẹ́ ló ṣáájú. Ẹ̀rín ìtìjú tẹ̀lé e, ẹ̀rín ẹlẹ́yà tẹ̀lé e, ẹ̀rín ìyangàn, àti èyí tí ènìyàn ń dá rín lójú ọ̀nà bó bá rántí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tí a ń rín fún àna, èyí tí kò dé inú. Èyí tó gbẹ̀yìn ni baba gbogbo wọn, ẹ̀rín àrín-takìtì, tí ènìyàn ń rín tó fi ń yí gbiri nílẹ̀. Ẹ̀kùrọ́ tirẹ̀ tó ẹyin àparò. Ó pé méje, inú ọdẹ sì dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé tí wọ́n kó jáde nínú rẹ̀.

Òfin eré náà kò le. Kí wọ́n tó pín káàdì, àpótí kọ̀ọ̀kan á fi ẹ̀kùrọ́ kan sílẹ̀ láàárín. Ìyá á pín káàdì méjì méjì. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá lágbára jù ló ni gbogbo àárín. Wọ́n ta ti àkọ́kọ́. Ìyá mú ẹ̀kùrọ́ tó wà lókè pátápátá lórí òkìtì Kòsíńlé, ó jù ú sáàárín. Ó pín káàdì fún gbogbo wọn, ó pín fún àpótí òfìfo náà. Bí káàdì tó gbẹ̀yìn ṣe balẹ̀ báyìí, ó gbá méjì ti Kòsíńlé, ó dà wọ́n sínú igbá dúdú kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí ni, Kàrímù? O ní kí n dúró? O ní, "Bàbá, ṣé àpótí lásán ni wọ́n ń pín káàdì fún, tí wọ́n sì tún ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀?" Ìwọ nìkan kọ́! Ohun tí Ọdẹ́jìnmí bi ìyá náà nìyẹn, òun kò sì gbé abẹ lé orí oníbàárà bí tìrẹ yìí nígbà tó ń bi í. Ìyá ní, "Bí n kò bá gba ti ẹni tí kò sí, àwọn tó jókòó á máa san, òun á máa ṣeré kiri, òkìtì rẹ̀ á sì pọ̀ ju tiwọn lọ. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò bá sí lórí àpótí nígbà tí káàdì tó gbẹ̀yìn bá balẹ̀, káàdì rẹ̀ kú. Sísá kò gbọdọ̀ dùn ju jíjókòó." Ọ̀rọ̀ náà wọ ọdẹ létí. Ẹ̀kùrọ́ márùn-ún ló kù lórí òkìtì Kòsíńlé báyìí. Agbẹ́rìn-ínmì ló jẹ àárín. Ó sọ ẹ̀rín músẹ́ Ọdẹ́jìnmí sẹ́nu, ó gbé e mì.

Ìgbà kejì ni Ọdẹ́jìnmí ṣe ohun tó jẹ́ pé ọdẹ nìkan ló lè ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́: bí àwa bá pa ẹran, tí a ń pín in, tí ẹnìkan nínú wa kò sí níbẹ̀, a máa ń gbé ìpín tirẹ̀ sọ́tọ̀ ni, a ó já ewé bò ó, eṣinṣin pàápàá kò gbọdọ̀ bà lé e títí tí yóò fi dé. Èèwọ̀ wa ni kí á kó ìpín ẹni tí kò sí dànù. Ọdẹ́jìnmí sì tún rò ó pé bí káàdì Kòsíńlé bá wà láàyè, bóyá ó lè jẹ, kí òkìtì rẹ̀ má sì tètè rẹlẹ̀ dé ẹ̀kùrọ́ ìsàlẹ̀ kí òun tó mọ eré náà dáadáa. Bí káàdì méjì náà ṣe balẹ̀ níwájú àpótí òfìfo, ó fa ewé kan yọ nínú àpò ọdẹ, ó fi bo káàdì náà, ó sì tẹ ọwọ́ lé e. Ó ní, "Ìpín ẹni tí kò sí rèé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o."

Olórímẹ́ta la ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Pàṣán sọ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, pàì!

Ìyá ní, "Ọdẹ, ẹran lẹ̀ ń pín lọ́dọ̀ yín. Ẹran kì í sọ fún ẹlòmíràn ohun tó wà nínú rẹ̀. Káàdì tí kò ní olùṣọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á yọjú wò ó, á mọ ohun tí kò yẹ kó mọ̀, eré á sì bàjẹ́. Èmi ni mò ń pa á, kí ojúkòkòrò má baà lò ó. O ti fọwọ́ kan káàdì tí kì í ṣe tìrẹ: káàdì tìrẹ kú. Dìde. Ìgbà mẹ́ta ni wàá dúró lẹ́yìn àpótí rẹ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ìgbà mẹ́ta!"

Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí ṣe di ẹni tí kò sí, tó sì wà níbẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn àpótí rẹ̀, ó ń wò ó bí wọ́n ti ń pín káàdì fún un, tí wọ́n ń pa á, tí wọ́n ń mú ẹ̀kùrọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ẹlẹ́yà lọ. Ẹ̀rín ìyangàn lọ. Òkìtì Kòsíńlé ń rẹlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Agbẹ́rìn-ínmì sì ń gbé wọn mì. Ó ń ro Ayọ̀ká àti òkúta tó wà láyà rẹ̀, ó sì ń bú ara rẹ̀ pé ewé kan ṣoṣo ni òun fi ba ayé òun jẹ́.

Nígbà kẹrin ni ẹ̀kùrọ́ kékeré kan bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ iwin kan, ó sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ̀rín ọmọ ọwọ́ ló jáde nínú rẹ̀, híì-híì! Gbogbo wọn ló bá a rẹ́rìn-ín, àní Olórímẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí àpótí, ọpẹ́lọpẹ́ orí àárín tó ní kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun di tábìlì mú. Agbẹ́rìn-ínmì bínú. Ó ní, "Òfò! Ẹ̀rín tó bá ti fọ́, kò sí ẹni tó lè kó o jọ mọ́, ẹni tó ni ín pàápàá." Nínú gbogbo wọn, yàtọ̀ sí ìyá, ẹnìkan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín: Ọdẹ́jìnmí, torí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí yóò fi rín in. Ó kíyè sí i. Ojú ọdẹ kì í ṣeré.

Ìgbà karùn-ún kọjá. Ìyá ní, "Jókòó." Ó jókòó. Ẹ̀kùrọ́ méjì ló kù níwájú rẹ̀, ti àna àti ti takìtì. Ti Kòsíńlé ku ẹyọ kan. Ìyá mú un, ó jù ú sáàárín. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-hìn! Agbẹ́rìn-ínmì lá ètè. Ó ní, "Ha! Èyí á dùn lọ́nà ọ̀fun." Ọdẹ́jìnmí fi ẹ̀rín àna sáàárín. Ó mú èyí tó kù, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó fi erìgì dì í mú.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ tó ń sọ ọ́ fún mi, mo ní, "Bàbá, ṣé kò dùn yín?" Ó ní, "Ó dùn mí. Ẹ̀rín yẹn ni mo rín lọ́jọ́ tí mo pa ẹran àkọ́kọ́, òun ni mo rín lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi."

Káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ti Ọdẹ́jìnmí kò dára rárá. Agbẹ́rìn-ínmì yọjú wo tirẹ̀ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ tàn: ọba ni. Ìyá bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ẹ̀yin ọdẹ inú yín mọ̀ pé bí a bá yìnbọn kí ẹran tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, ó di àwátì. Bí a bá sì pẹ́ jù, ó ti wọgbó. Agbẹ́rìn-ínmì tún yọjú: ọba kejì! Ó ku káàdì mẹ́ta. Ọdẹ́jìnmí dúró. Ó ku méjì. Ó pa eyín dé, ó sì fọ́ ẹ̀kùrọ́ náà: kẹ́ṣẹ́!

Yéè, ẹ̀yin ènìyàn! "Hàà-hàà-hàà-hàà, yéè, ìyá mi o!" Ẹ̀rín náà fò jáde, ó yí tábìlì po, ó gba abẹ́ aṣọ wọlé, ó gba etí jáde. Ọdẹ́jìnmí ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ àlejò lójúde. Kò mọ̀ rí pé òun máa ń ké pe ìyá òun bí òun bá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé báyìí ni mo ṣe ń rín in? Ó mà dára o." Àwọn iwin ti dàrú. Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Olórímẹ́ta ń fi iwájú orí gbá ara wọn, ó ṣubú sẹ́yìn, ẹsẹ̀ lókè. Àwọn iwin mẹ́ta dì mọ́ra wọn, wọ́n yí gbiri lọ sínú kòtò. Agbẹ́rìn-ínmì di tábìlì mú, ó bu ètè jẹ, ó ní òun kò ní rẹ́rìn-ín, òun kò ní rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti gbé mì gbọ́ ohùn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n dìde nínú ikùn rẹ̀, wọ́n ń fò, ikùn náà ń mì kìjìkìjì, ó gbé olúwa rẹ̀ sókè kúrò lórí àpótí, ó sọ ọ́ sílẹ̀ gbàà.

Káàdì tó gbẹ̀yìn balẹ̀.

Ìyá Ọlọ́wọ́mẹ́rin wo àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí kò sí. Ìdí kò sí. Ìdí kò sí. Ó ń gbá káàdì dà sínú igbá dúdú. Ó dé ọ̀dọ̀ Ọdẹ́jìnmí, tó jókòó gbọn-in, tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ohunkóhun kò sì lè pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹnìkan wà níbí."

Agbẹ́rìn-ínmì ń ké láti ilẹ̀, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀: "Ọba méjì! Ìyá, ọba méjì ni mo ní! N kò lọ síbì kankan, ilẹ̀ ibí ni mo wà!"

Ìyá ní, "Ilẹ̀ kì í ṣe àpótí." Ó gbá ọba méjì náà dà sínú igbá. Ó fi ọwọ́ kẹta ti ẹ̀kùrọ́ méje sọ́dọ̀ ọdẹ. Ó tún wò ó, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "O mọ̀ pé tìrẹ kò ní padà wá?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Mo mọ̀, ìyá."

"Máa lọ ilé. Ẹ̀rín àna tí o fi san ìjókòó wà níbẹ̀. Ìyẹn ṣì wúlò."

Bí ó ti ń bọ̀, ó dá ẹ̀kùrọ́ márùn-ún padà fún àwọn tó ni wọ́n, ní abúlé márùn-ún; ẹni tó bá rí tí kò lè bá ará ilé rẹ̀ rẹ́rìn-ín ló ń fún. Ó gbé ẹ̀rín àna tirẹ̀ mì láì fi eyín kàn án, ó sì padà sí i nínú. Ó dé ilé, ó bá Ayọ̀ká níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lójúde. Ó fi ẹ̀kùrọ́ tó kù sí i lọ́wọ́, ó ní, "Gbé e mì, má fi eyín kàn án." Ayọ̀ká wò ó lójú, ó sì gbé e mì.

Adìyẹ kan ló fa á. Ó jí ẹ̀gúsí, ó ń sá lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ atẹ, ó fi ìrù bọ inú omi. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-hìn! Ayọ̀ká rẹ́rìn-ín. Ó rín ti ọjọ́ náà, ó rín ti gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá, ẹ̀gúsí dànù, kò bojú wò ó. Inú Ọdẹ́jìnmí dùn débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Ó la ẹnu kó bá a rẹ́rìn-ín, ohun tó jáde ni, "Hẹ̀, hẹ̀. Ẹ kú ilé o, mà."

Ayọ̀ká yíjú sí i. Ó ní, "Olówó orí mi, ṣé èmi ni ìyá ìyàwó rẹ?"

Ọdẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àpótí òfìfo, ewé, igbá dúdú, ohun tó fi eyín fọ́. Ayọ̀ká gbọ́ ọ tán, ó sunkún díẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó bèèrè pé, "Ní ìlú wọn yẹn, ṣé wọ́n ń pa ti ẹni tí kò sí?"

Ó ní, "Wọ́n ń pa á."

Ayọ̀ká ní, "A kì í pa á nínú ilé tèmi." Ó jókòó dáadáa, ó fi ọwọ́ lé ikùn, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe tirẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Hàà-hàà-hàà-hàà, yéè, ìyá mi o!" Ó ti gbọ́ ọ fún ọdún mọ́kànlá, kò sì sí ibi tó ti gbàgbé nínú rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é títí wọ́n fi darúgbó. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí jẹun nílé wọn, mo gbọ́ ọ. Ohun apanilẹ́rìn-ín á ṣẹlẹ̀, màmá á rín ọ̀kan, á mí, á sì rín èkejì, bàbá á jókòó tì í, ojú rẹ̀ á le koko, á máa mi orí, á ní, "Ó dára. Ti òní dára." Bí àlejò bá sì bi màmá pé kí ló dé tó fi ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, á ní, "Tèmi ni ti àkọ́kọ́. Ti baálé mi ni èkejì. Ẹ̀yin náà ò rí i ni? Ó wà níbí, ó jókòó."